A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ó ti mọ́ wa lára, ní ojú ewé yìí tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn ilé àti ẹbí, láti máa bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, nípa ọmọ títọ́ àti nípa owó níná. Lónìí a bẹ̀ yín kí ẹ gbà wá láyè kí a sọ̀rọ̀ nípa irin. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ irin kò kan ìdílé. Ilé tí ó bá ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ mọ̀ pé nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣàárẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá a ṣàárẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà ni èyí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin, tí ó ti di onílé fúnra rẹ̀, wá kí wa. Ó ní ọkọ̀ òun gbóná jù lójú ọ̀nà, omi sì ti wọ inú ọ́ìlì. Mẹkáníìkì rẹ̀ ti tú orí ẹ́ńjìnì náà sílẹ̀, ó sì fẹ́ gbé e lọ fún àwọn tí ń fá irin.

Ó wí pé, “Bàbá, wọ́n ní bí àwọn bá fá a jinlẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa sáré ju ti ìgbà tí mo rà á lọ. Kí ni ẹ rí sí i?”

A kò tètè dáhùn. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó kọjú sí wa, ó wí pé, “Ẹ sọ fún un. Ẹ sọ ohun tí a fi ojú wa rí fún un.” Nítorí náà a sọ fún un. Ó sì dára kí àwọn ilé mìíràn gbọ́ pẹ̀lú.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí orí ẹ́ńjìnì jẹ́ fún àwọn tí kò tí ì fi ojú rí i rí. Ara ẹ́ńjìnì, èyí tí a ń pè ní búlọ́ọ̀kù, ní àwọn ihò gbọọrọ nínú. 4 ni wọ́n lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni pístìnì kan ti ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó nínú odó. Orí ẹ́ńjìnì ni ìdérí tí ó bo àwọn ihò wọ̀nyí lókè. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà. Inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, inú rẹ̀ ni èéfín ń gbà jáde, ara rẹ̀ sì ni plọ́ọ̀gì tí ń tan iná wà. Omi a máa gba àárín rẹ̀ kọjá láti mú un tutù. Láàárín orí àti ara ni a ń tẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì sí, awẹ́ pẹlẹbẹ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ya iná, omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀, kí ọ̀kan má ṣe wọ ilé èkejì.

Nikolaus Otto, ará Jámánì, ni ó kọ́ ẹ́ńjìnì irú èyí tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún 1876. Àṣírí agbára rẹ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ sí ibi híhá kí a tó tan iná sí i. Bí a bá ti fún un pọ̀ tó ni agbára tí a ó rí nínú epo kan náà yóò ti pọ̀ tó. Bí àyè tí ó wà nínú ihò nígbà tí pístìnì wà nísàlẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po 9 èyí tí ó kù nígbà tí pístìnì dé òkè, a ó wí pé ìfúnpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9 sí 1. Ọkọ̀ Ford Model T, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1908, kò tó 5 sí 1. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ti kọjá 10 sí 1. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fá ojú ìsàlẹ̀ orí ẹ́ńjìnì ń dín àyè òkè pístìnì kù, ìfúnpọ̀ a sì ga sí i. Níbẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà.

Ní ọdún 2003 a ní ọkọ̀ Peugeot 504 kan, ẹlẹ́yìn gbọọrọ, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ìtò-ọkọ̀ tí ó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ọdún 1975. Iṣẹ́ tíṣà ni àwa ń ṣe. Ìyá àwọn ọmọ wa ń ta èlùbọ́ ní Ìbàdàn, ọkọ̀ yìí ni ó sì ń kó ẹrù rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ wá. Ọmọbìnrin wa àgbà ti yege nínú ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní ọdún náà, a sì ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀ sínú àpótí kan fún un.

Ní ọjọ́ kan a ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú àpò èlùbọ́ 11. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà a ti rí i pé rọ́bà omi kan ń jò, ṣùgbọ́n a fi àkísà dì í, a ní yóò gbé wa délé. Nígbà tí a kọjá Fìdítì, abẹ́rẹ́ tí ń fi ìgbóná hàn ti gun òkè pátápátá. Ìyá àwọn ọmọ wa wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a dúró.” A dá a lóhùn pé, “Ó kù díẹ̀.” A tún rin máìlì díẹ̀ sí i kí èéfín funfun tó bò wá lójú, ẹ́ńjìnì sì kú. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá wí pé “ó kù díẹ̀” nínú ilé wa, gbogbo wa a máa wo ara wa lójú.

Mẹkáníìkì wa tú orí náà. Ọ́ìlì ti dàpọ̀ mọ́ omi, ó ti rí bí tíì tí a da mílíìkì sí. Ó gbé irin gígún kan tí kò tẹ̀ rárá lé ojú orí náà, ó sì fi àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a ti mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti nípọn tó, wọn àlàfo tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Láàárín, àlàfo náà tó 0.2 mìlímítà, bí irun orí ènìyàn 2 tàbí 3 tí a tò léra. Ẹnìkan lè wí pé, kí ni èyí já mọ́? Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré, àwọn tí ó ṣe wọ́n kì í gbà kí ó ju 0.05 tàbí 0.1 lọ. Alumíníọ́mù ni orí náà, irin dúdú ni ara. Bí iná bá mú wọn, alumíníọ́mù a máa wú tó ìlọ́po 2 ti irin. Níwọ̀n bí nọ́ọ̀tì sì ti dì í mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kò rí ibi wú sí, ó tẹ̀. Nígbà tí ó tutù, kò padà sí bí ó ti wà.

Mẹkáníìkì náà wí pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ fá, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ká lọ.”

A wí fún un pé iṣẹ́ pọ̀ níwájú wa, kí ó máa lọ. Bí ó sì ti ń yí ẹ̀yìn padà, a fi ọ̀rọ̀ kan rán an tí ìbá sàn kí a ti gbé mì: “Sọ fún wọn kí wọ́n fá a dáadáa. A gbọ́ pé bí a bá fá a jinlẹ̀, ẹrù kì í wúwo fún un mọ́.” Ibùdókọ̀ ni a ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn awakọ̀ tí ń dúró de èrò.

Àwọn àgbà wa wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí tiwa ni a fá lẹ́yìn wa, àwa fúnra wa ni a sì rán wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ de orí náà mọ́lẹ̀, ọ̀bẹ irin tí ń yí sì gba ojú rẹ̀ kọjá ní ìpele-ìpele. Bí ó bá gé 0.25 mìlímítà, ojú náà ìbá ti tẹ́jú. Ó gé odidi 1 mìlímítà gẹ́gẹ́ bí a ti ránṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ wọn bí orí náà ti nípọn tó, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè bóyá a ti fá a rí.

Kí a má purọ́, ọkọ̀ náà dùn ún gùn ní ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́. Ó ń fà bí ẹṣin. A yangàn nípa rẹ̀ ní ilé ìwé, a sì gba àwọn olùkọ́ 2 nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe bákan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bí a ti ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, a gbọ́ ariwo kan bí ẹni pé a da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tí a sì ń mì í. Bí a bá dẹ ẹsẹ̀, ariwo a dákẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀. A gbé ohùn rédíò sókè kí a má baà gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni a mọ ohun tí ariwo náà jẹ́. Nígbà tí a bá fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ jù, ooru wọn a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí iná plọ́ọ̀gì kò tí ì kàn yóò fi gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í tún ṣe jíjó mọ́, ìbúgbàù ni, a sì máa lu orí pístìnì bí òòlù. Harry Ricardo, ọ̀mọ̀wé ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1921, Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá fi àpòpọ̀ òjé díẹ̀ sínú epo, ariwo náà a dákẹ́, a ó sì lè mú ìfúnpọ̀ ga. Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé jẹ́ fún ọpọlọ ọmọdé. Ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tí ó kẹ́yìn, tó dẹ́kun títà irú epo bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀. Òde òní ní àwọn ọ̀nà mìíràn láti mú kí epo lè fara da ìfúnpọ̀ gíga, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé epo wa, irú pẹtiróòlù kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó bá gé orí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ju bí epo yẹn ti lè gbà lọ, ó ti pe ìjà tí kò lè jà.

Àṣìṣe mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí orí bá sọ̀kalẹ̀, àwọn ọ̀pá tí ń ti fáàfù lára ẹ́ńjìnì irú tiwa a di gígùn jù fún àyè wọn, ó sì yẹ kí a tún àlàfo wọn wọn. Àkókò tí plọ́ọ̀gì ń tan iná pẹ̀lú yẹ ní àtúnṣe. Èyí tí ó burú jù ni pé ohun tí ó fa àìsàn gan-an wà níbẹ̀ síbẹ̀: inú radiétọ̀ kún fún ẹrẹ̀ àti ìdógùn-ún irin. A ti fá orí aláìsàn, a kò wo ibà rẹ̀ sàn.

Ní oṣù kẹta, gáskẹ́ẹ̀tì jó láàárín ihò kejì àti ìkẹta. Orí pístìnì kan ti gbẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àgbàdo tí kòkòrò jẹ. Ní ọjọ́ yìí a bá mẹkáníìkì náà lọ, kì í ṣe sí ibi ti àkọ́kọ́, bí kò ṣe sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tí ó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ léèdì. Bàbá náà kò gbé orí wa sórí ẹ̀rọ. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó wọn ìnípọn rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gbé ojú sókè.

“Tíṣà, ta ni ó fá orí yìí?”

A dákẹ́.

“Ta ni ó ní kí wọ́n fá a tó báyìí?”

A wí pé, “Àwa ni, Bàbá.”

Ó mi orí rẹ̀. Ó ní, “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Irun tí a bá fá a máa hù padà, Tíṣà. Irin kì í hù. Bí mo bá tún gé e, ohun tí yóò kù láàárín iná àti omi kò ní lágbára mọ́. Ẹ lọ wá òmíràn.” Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

A ra orí mìíràn, pístìnì, gáskẹ́ẹ̀tì àti radiétọ̀. Inú àpótí ni owó náà ti jáde. Nígbà tí ọjọ́ sísan owó ìwọlé ọmọbìnrin wa pé, kò sí ohun tí ó tó o nínú rẹ̀. Àyè rẹ̀ bọ́, ó sì jókòó sílé fún ọdún kan gbáko, ó ń bá ìyá rẹ̀ wọn èlùbọ́. Kò bá wa jà, kò sì fà á yọ rí. Ìyẹn gan-an ni ó dùn wá jù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó mú bébà àti pẹ́ńsù, ó ní kí a sọ ìwọ̀n ẹ́ńjìnì náà fún òun. Ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 88, pístìnì sì ń rin mìlímítà 81. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta 1,971. Ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 493. Ó ní kí a fi ìfúnpọ̀ 9 sí 1 ṣe àpẹẹrẹ: àyè òkè pístìnì yóò jẹ́ 61.6. Bí ihò orí bá fẹ̀ tó ẹnu sílíńdà, mìlímítà 1 tí a gé yóò mú 6.1 kúrò nínú rẹ̀, yóò ku 55.5, ìfúnpọ̀ yóò sì di nǹkan bí 9.9 sí 1. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ, ó parí ìṣirò náà fún wa. Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ́ńjìnì Otto lórí bébà, nínú 100 ìwọ̀n ooru epo, èyí tí ó lè di iṣẹ́ kúrò ní 58.5, ó di 60. Ẹ́ńjìnì gidi kì í tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, èrè tí a fi kún agbára ọkọ̀ wa kò tó 3 nínú 100. Nítorí 3 tí kò pé yìí ni a fi ná ọdún kan nínú ayé ọmọ wa.

Ẹ ó bi wá pé, kí wá ni ó mú kí ọkọ̀ náà fà bí ẹṣin ní ọ̀sẹ̀ 3 wọ̀nyẹn? Àwa náà bi bàbá onílèédì léèrè. Ó ní gáskẹ́ẹ̀tì tuntun ni, èérí dúdú tí wọ́n ha kúrò ni, fáàfù tí wọ́n lọ̀ kí ó lè dé dáadáa ni, àti ojú orí tí ó tẹ́jú tí kò jẹ́ kí agbára jò mọ́. Gbogbo èyí ni a ìbá ti rí gbà bí ó ṣe 0.25 péré ni a gé. Agbára tí a rò pé gígé ni ó fún wa, agbára tí ẹ́ńjìnì náà ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, tí jíjò ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fífá orí kì í ṣe láti fi kún un, bí kò ṣe láti dá a padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálé àti ìyálé, bí irú èyí bá bá yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣe sùúrù. Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná bá gòkè, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ má sì ṣí ìdérí radiétọ̀ tàbí da omi tútù sí i títí yóò fi tutù, nítorí omi gbígbóná a máa fọ́n sójú ẹni, orí ẹ́ńjìnì a sì máa sán. Ẹ wá ohun tí ó fà á kí ẹ tó tún un ṣe: radiétọ̀ tí ó dí, rọ́bà tí ń jò, fáànù tí kò yí, tàbí tẹ́mósítáàtì tí ó ti kú tàbí tí wọ́n ti yọ sọnù. Ẹ bá orí náà lọ. Ẹ rí i pé wọ́n wọn bí ó ti tẹ̀ tó àti bí ó ti nípọn tó, kí wọ́n sì gé kìkì èyí tí yóò mú un tẹ́jú. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ha á lórí sìmẹ́ńtì. Bí a bá sì ń dá a padà, kí a di àwọn nọ́ọ̀tì láti àárín lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀, ní ìpele-ìpele, bí ìwé olùṣe ti wí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọmọkùnrin wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 6 ni ní ìgbà náà, kò sì mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi wà nílé ní ọdún yẹn. Ó rò pé nítorí òun ni, kí òun lè rí ẹni bá ṣeré. Ní ọjọ́ Ajé a jọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fá irin. Wọ́n wọn orí náà lójú wa, ó tẹ̀ ní 0.12; wọ́n gé 0.15, wọ́n sì tún fi irin gígún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sanwó, ó sì gbé orí rẹ̀ lọ.

Orí àtijọ́ tiwa ṣì wà lẹ́yìn ilé títí di òní. Ìyá àwọn ọmọ wa ni ó ń lò ó. Ó fi í ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbá a dé.